Píánò ní Ifẹ̀, píánò ní Leipzig

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kọ́ píánò. Leipzig, ní Jámánì, ni mo ti ń fi í jẹun báyìí. Bí mo bá pe ilé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé àwọn òyìnbó yẹn mọ orin jù wá lọ ni? Rárá o. Ọmọ Ifẹ̀ tó mọ píánò tẹ̀ dáadáa pọ̀, àwọn tó sì ń fetí sí i kò kéré. Ẹni tó ń tún píánò ṣe ló ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀, ẹni yẹn gan-an la kì í sì í rántí.

Kíì 88 lẹ máa rí níwájú píánò, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ lé ní 200, wọ́n sì fà á le gan-an. Pákó fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn àwọn wáyà náà ló ń gbé ohùn jáde. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, pákó yìí á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á sún kì. Píánò tí ohùn rẹ̀ gún régé nígbà Àjíǹde á ti yà kúrò lójú ọ̀nà kí Kérésìmesì tó dé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń kọ́ ọ ní apá Lágere, píánò àfògirití kan wà tó dàgbà jù mí lọ. Bàbá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì so gílóòbù kékeré kan mọ́ ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, kí ooru gílóòbù náà lè máa lé ọ̀rinrin. Wọ́n tún ju káńfọ̀ síbẹ̀ nítorí kòkòrò tó ń jẹ aṣọ onírun tó bo àwọn òòlù kéékèèké tó ń lu wáyà rẹ̀. Ọgbọ́n àgbà ni, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ fún ọjọ́ mélòó kan nínú òjò, ọ̀rinrin á padà dé. Kíì tí mo bá tẹ̀ á rì, kò ní gòkè mọ́ àfi tí mo bá fi ìka gbé e. Àwọn èèyàn a máa sọ pé píánò kò nílò iná bíi ti kíbọ́ọ̀dù. Nílẹ̀ wa, ó nílò iná o! Bí ohùn bá sì ti bàjẹ́ pátápátá, Ìbàdàn tàbí Èkó la ti máa ń pe ẹni tó máa tún un ṣe, ìgbà tí owó bá sì wà la tó ń pè é.

Ní Leipzig, láàárọ̀ ọjọ́ kọ́ńsáàtì, ọ̀gá tó ń tún píánò ṣe á ti wà nínú gbọ̀ngàn kí n tó dé. Bí mo bá ní ohùn òkè ń ta mí létí, á fa òòlù jáde, á mú abẹ́rẹ́, á máa gún aṣọ onírun orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi rọ̀. Mo lè dúró wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni ọmọṣẹ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Jámánì, owó sì ń wọlé fún un bó ṣe ń kọ́ ọ. Ìlú yìí kan náà ni Julius Blüthner ti dá iléeṣẹ́ píánò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1853, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Mendelssohn, olórin ńlá ará Jámánì, dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ níbẹ̀.

Àkókò ni Ifẹ̀ fi jù wọ́n lọ. Nílé, mo lè tẹ píánò láti ìdájí dalẹ́. Àwọn ìyá tó ń ti ọjà Odò-Ogbè bọ̀ á dúró lójú fèrèsé.

“O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Tún ibi tó ń sáré yẹn tẹ̀ ká gbọ́.”

“Ẹ ṣé o, mà.”

Mo máa tún un tẹ̀. Orin Bach, olórin Jámánì ayé àtijọ́, ni wọ́n ń gbádùn yẹn.

Ní Jámánì, aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ kì í ṣe àkókò ariwo, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ Àìkú. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga wọn dá ẹjọ́ ẹnì kan tó ń fun tọ̀ǹpẹ́ẹ̀tì nínú ilé rẹ̀. Wọ́n ní bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ́jọ́ iṣẹ́, àti ẹyọ kan sí méjì lọ́jọ́ Àìkú, ló bójú mu. Ìyẹn kò tó ẹni tó ń múra kọ́ńsáàtì, ni mo ṣe háyà yàrá kan sí ìsàlẹ̀ ilé ńlá kan. Kò sẹ́ni tó ń kí mi níbẹ̀.

Ní ti owó, kò sí àríyànjiyàn. Àpò ìjọba kan wà níbẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà: ìdajì owó ìtọ́jú ìlera àti ti ọjọ́ ogbó nìkan ni mò ń san. Ní Ifẹ̀, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni píánò fi ń bọ́ni.

Àwọn olùgbọ́ wá ńkọ́? Ará Leipzig á gbé ikọ́ mì títí apá kan orin á fi parí. Ará Ifẹ̀ á pàtẹ́wọ́ níbi tó bá ti dùn mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn méjèèjì, àmọ́ tó bá kan orin Akin Euba (1935–2020), Ifẹ̀ ni mo fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́. Euba kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Legon, ní Gánà, ní 1974 lórí ìlù dùndún. Ìlù yẹn wà nínú orin píánò rẹ̀. Ní Leipzig, mo máa ń ṣàlàyé kí n tó jókòó. Ní Ifẹ̀, orí àwọn èèyàn á ti máa mì.

Ẹ̀yin ará wa lókè òkun tẹ́ ẹ fẹ́ kó píánò àlòkù ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ fi owó ọkọ̀ ojú omi yẹn rán ọmọ kan lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Irin tí wọ́n fi ń yí ìṣó wáyà, rọ́bà tí wọ́n fi ń pa wáyà lẹ́nu mọ́, fọ́ọ̀kì irin tó ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n fi ń wọn ohùn, gbogbo rẹ̀ wọ inú báàgì ọwọ́ kan. Láti Ifẹ̀ títí dé Iléṣà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ní píánò nílẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ bò, torí kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án.