Ta ló rán an níṣẹ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì

Mo gbọ́ ọ. Kò mọ̀ pé mo gbọ́. Mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀, fèrèsé yàrá Dádì ṣí, òun àti Bàbá Ọ̀fà wà lórí fóònù, ó gbé e sí sípíkà bí ìṣe rẹ̀. Bàbá Ọ̀fà ní, "Wọ́n ní ọmọ ẹ ń tún gìtá béèsì ẹ ọjọ́un ṣe." Dádì dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ta ló rán an níṣẹ́?"

Ó parí síbẹ̀. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó pẹ́ńṣàn.

Ohun tí mo ṣe lónìí: mo dé títì Táíwò, mo ra capacitor (èròjà kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́), mo ra bátìrì gìtá (ìkejì lọ́sẹ̀ yìí, nítorí mo gbàgbé wáyà sínú jáàkì, ihò tí wáyà ń wọ̀ lára gìtá, mọ́jú Ọjọ́rú, ẹ sì mọ̀ pé bí wáyà bá ti wà nínú jáàkì ni bátìrì ń ṣiṣẹ́, ì báà má sí ẹni tó ń ta gìtá). Mo jẹ wàrà. Wọ́n mú iná lọ títí di Alásárì.

Ta ló rán an níṣẹ́. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu ara mi bí ìgbà ogún, kí n lè mọ ohùn tó fi sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ kíákíá, ìbínú ni. Bí mo bá fà á díẹ̀, ó dà bí ẹni tí ojú ń tì. Tirẹ̀ kò yára, kò sì fà. Àwọn àgbà a máa sọ irú ẹ̀ nípa ọmọ tí inú wọn dùn sí náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín.

Òótọ́ sì ni, kò rán mi. Kò fọwọ́ kan béèsì yìí láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé. Èmi ni mo wọ́ ọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀gá tó ń tún ampulifáyà ṣe ní Táíwò ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: kí n yọ páńẹ́ẹ̀lì inú gìtá, èyí tó ń fi bátìrì gbé ohùn rẹ̀ sókè, dànù, kí n so pickup (ohun tó ń gba ohùn okùn) mọ́ fọ́lúùmù tààrà, kí n sinmi bátìrì rírà. Kì í ṣe ìmọ̀ràn burúkú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é. Àmọ́ fọ́lúùmù 25k (òǹkà bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó nìyẹn) ló wà lára gìtá yìí, páńẹ́ẹ̀lì yẹn ló sì mú kó ṣeé lò. Bí páńẹ́ẹ̀lì bá kúrò, 25k á fa ohùn pickup wálẹ̀, á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìrọ̀rí. 250k ni ìbá gbà. Mo máa pààrọ̀ èyí, mo máa pààrọ̀ tọ̀hún, nígbà tó bá yá, gìtá ta ni mo gbé lọ́wọ́?

Mo kà nípa StingRay, gìtá béèsì tí Leo Fender bá iléeṣẹ́ Music Man ṣe lọ́dún 1976, òun náà ń lo bátìrì. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nínú rẹ̀, wọ́n da gọ́ọ̀mù líle bo páńẹ́ẹ̀lì wọn, kò sẹ́ni tó lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ti Dádì, Jàpáàn ni wọ́n ti ṣe é, wọn ò bò ó. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyẹn ni mo fi ní ìrètí.

Iná dé, mo gbé mítà tí mo fi ń wọn iná. Bátìrì ka 9.4 volt. Resistor (èròjà tó ń dí iná lọ́wọ́) méjì tó dọ́gba ló ń pín iná yẹn sí méjì, kí ohùn lè ní àárín tó máa dúró sí, kó ráyè lọ sókè, kó ráyè wá sílẹ̀. 4.7 ló yẹ kí n bá níbẹ̀. 1.3 ni mo bá. Mo nu ẹnu mítà, mo tún fi kàn án. 1.3. Ohùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀, kò níbi tó fẹ́ gbà sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Abájọ tó fi ń ha, tó ń já lẹ́nu bí mo bá ti ta á tagbára. Capacitor 10 µF tó wà láàárín ibẹ̀ àti ilẹ̀, ìyẹn ẹnu òdì bátìrì, ló ń jẹ iná náà. Irú capacitor yẹn, èròjà olómi ló wà nínú ẹ̀, bó bá gbó, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Ó sì ti ju ogójì ọdún lọ.

Mo dojú páńẹ́ẹ̀lì délẹ̀ kí n lè yọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Lẹ́ẹ̀dì kan, òjé yíyọ́ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, wà níbi tí wáyà bátìrì wọlé, ó tóbi, ó dúdú léti, kò jọ àwọn yòókù rárá. Wáyà fóònù ilé àtijọ́ ni wọ́n fi so ó. Kì í ṣe Jàpáàn ló ṣe ìyẹn. Ẹnì kan ti ṣí i rí kí n tó ṣí i. Dádì sì sọ fún mi ní oṣù tó kọjá pé òun ò mọ nǹkan kan nípa inú rẹ̀.

Ta ló rán òun náà níṣẹ́?

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Mo fẹ́ yọ ọ́ kí n tún un lẹ̀ dáadáa. Mo fi mítà wò ó, iná ń gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Capacitor nìkan ni mo pààrọ̀. Mo rọra ṣe é, nítorí bí áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì bá pẹ́ lójú kan, bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ara páńẹ́ẹ̀lì àtijọ́ a máa ṣí. Mítà ka 4.6. Mo ta okùn E ní òfìfo, àwo tó wà lórí tábìlì gbọ̀n. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kíá, Dádì wà ní pálọ̀.

Mo ti kọ ọ́ síbí rí pé torí ara mi ni mo ṣe ń tún un ṣe. Kì í ṣe òótọ́. Tàbí ó jẹ́ òótọ́ nígbà yẹn, mi ò mọ̀.

Nígbà tó kírun tán, ó gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀. Ó dúró. Gìtá ni ó ń wò, kò wò mí.

"Ṣé o ti yọ wáyà ẹ̀?"

Mo ní, "Mo ti yọ ọ́, sà." Mi ò tíì yọ ọ́. Ó lọ, mo sì dìde lọ yọ ọ́.

Fọ́lúùmù ìsàlẹ̀ ṣì ń ké bí mo bá yí i, ó fẹ́ fífọ̀. Ó di ọ̀la. Mo tún ń rò ó pé bóyá nígbà tó dákẹ́ yẹn, kó tó dá Bàbá Ọ̀fà lóhùn…