Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn yín jẹ ẹnì kan ní gbèsè

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe bí ẹ̀dá ìtàn kan, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má tíì yan idà, ẹ má tíì yan idán. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹnì kan tí ẹ̀dá ìtàn yín jẹ ní gbèsè, kí ẹni náà sì wà láàyè. Ó lè jẹ́ gbèsè owó, ó lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí kò tíì bẹ̀, ó lè jẹ́ ìlérí tó ṣe fún ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ nídìí eré yìí, èyí ni mo dì mú jù.

Ọ̀pọ̀ wa la máa ń pa bàbá àti ìyá ẹ̀dá ìtàn wa kí eré tó bẹ̀rẹ̀. A ó ní iná jó abúlé, ọlọ́ṣà pa ẹbí tán, ó wá ku òun nìkan. Ìtàn náà ṣeni láàánú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni Dungeon Master, DM tó ń darí eré, fẹ́ fi í ṣe? Òkú ò lè wá sin gbèsè lẹ́nu ọ̀nà. Kò lè ṣàìsàn kí wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ, kò sì lè bá a fa wàhálà lójú ọjà. Èèyàn tó lè kan ilẹ̀kùn ni DM nílò.

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní 1974, inú eré ogun tí wọ́n ń fi ọmọ ogun kéékèèké ṣe lórí tábìlì ni wọ́n ti fà á yọ. Ẹ̀dá ìtàn tètè ń kú nígbà náà, ìtàn gígùn ò pọn dandan. Ìwé òfin eré náà ti 2014 to nǹkan mẹ́rin sínú àtẹ fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan: ìṣesí rẹ̀, ohun tó gbà gbọ́, ohun tí ọkàn rẹ̀ so mọ́, àti àléébù rẹ̀. Ìwé ti 2024 yọ àwọn àtẹ yẹn kúrò. Èmi ò tíì fi wọ́n sílẹ̀, pàápàá méjì tó gbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni gbèsè ń gbé.

Ẹ wo Brenna, aràrá tí mo ń fi ṣeré lọ́wọ́ báyìí. Jagunjagun ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́. Ilé ọ̀gá tí gbogbo wa mọ̀ ni mo ti mú ìgbé ayé rẹ̀: ọmọ iṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó ń fi ewìrì fẹ́ iná, tó ń retí ọjọ́ frídọ́ọ̀mù. Brenna ò dúró dé ọjọ́ náà. Òru ló sá, ó sì gbé òòlù tí ọ̀gá rẹ̀ jogún lọ. Ohun tí mo kọ fún DM kò jù báyìí lọ, àfi orúkọ ọ̀gá náà àti àmì tó máa ń fi sára irin: eyín ìkookò méjì. Mi ò sọ ìdí tó fi sá. Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ fún DM.

Ó lò ó. A wọ ìlú kan láti ra ohun ìjà, olóhun ìjà tẹ́ ẹní, ó to idà sílẹ̀, DM wá ní, lẹ́bàá èèkù idà kìíní, eyín ìkookò méjì wà níbẹ̀. Àwọn yòókù ṣì ń nájà. Mo ní Brenna yíjú, ó fa aṣọ bo òòlù tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Rogue, ẹ̀dá ìtàn ẹnì kan nínú wa tó mọ iṣẹ́ olè àti yíyọ́ rìn, dúró tì í, ó rí i, ó ní, "Kí lo gbé pamọ́?" Ìbéèrè yẹn la bá yí títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò yọ idà.

Ní ti ìwà, ẹ má kọ "onínúure ni". Ẹ kọ ohun tí ojú máa rí tàbí tí etí máa gbọ́ nídìí tábìlì. Brenna kì í wọlé kó má fi ìka kan irin ilẹ̀kùn, kó gbọ́ bóyá wọ́n rọ ọ́ dáadáa. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni san owó oúnjẹ rẹ̀. Charisma rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lè fa èèyàn mọ́ra tó, jẹ́ 8, èyí tó ń yọ ení kúrò nínú ohun tí dáìsì bá fún un nígbà tó bá fẹ́ yí ẹnì kan lérò padà, mo bá sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́nni. Nọ́ńbà tó kéré máa ń fún èèyàn ní ìwà ju èyí tó pọ̀ lọ.

Mo tún máa ń kọ oríkì ráńpẹ́ fún wọn. Ti Brenna nìyí: "Ọmọ alágbẹ̀dẹ etí òkè, a-lu-irin-gbá-gbá-jí-ará-ilé, kò rẹ́rìn-ín fún aláwìn." Bí ohùn mi bá fẹ́ sọnù láàárín eré, mo kàn ń kì í sínú ni.

Ẹ má kó iṣẹ́ akọni jọ sẹ́yìn ẹ̀dá ìtàn yín. Wizard, ìyẹn onídán, ní ìpele kìíní, hit point mẹ́fà ló ní, ìyẹn ìwọ̀n ìyà tó lè jẹ kó tó ṣubú, àfi ohun tí Constitution, nọ́ńbà agbára ara rẹ̀, bá fi kún un tàbí tó yọ níbẹ̀. Ẹni tí idà kan ṣoṣo lè dá dùbúlẹ̀ kò tíì pa dírágónì kankan. Ẹ jẹ́ kí ìjà ńlá wà níwájú, kí gbogbo yín lè jọ rí i.

Àléébù náà, ẹni tó ni ín ni kó kọ́kọ́ dun. Mo ti bá ẹnì kan ṣeré tó ń jí owó àwọn tí wọ́n jọ ń rìn, tó ń wí pé bí ìwà ẹ̀dá ìtàn òun ṣe rí nìyẹn. Eré náà tú ká. Ẹni tó fún un ní ìwà yẹn ṣáà ló jókòó sídìí tábìlì, ó sì lè fún un ní òmíràn.

Bí gbèsè bá tán ńkọ́? Brenna dá òòlù padà. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun gbà á, ṣùgbọ́n kó wá sin oṣù tó kù. A sì gbọ́dọ̀ kúrò nílùú kí ilẹ̀ tó mọ́. Rogue ló ṣe oníduró fún un, ó fi òrùka ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá náà. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé Brenna: òrùka, Rogue, kó tó di ìgbà òjò.