Ẹ Má Fi Pamọ́ fún Dókítà Pé Ọmọ Yín Ṣì Ń Mu Ọmú

Irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú IVF ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń so ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin níta ara kí obìnrin lè lóyún. Ọmọ mi, tí a fi IVF bí, ti pé oṣù 16 nígbà náà, ó sì ń mu ọmú tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ?" kíá ni mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò dá mi padà sílé, ọjọ́ orí mi kò sì gbà kí n tún dúró di ọdún mìíràn. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, họ́mónù prolactin mi ga ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà sì ti ń kọ ìwé pé kí n lọ ya àwòrán orí, bóyá kókó kan ń hù nísàlẹ̀ ọpọlọ mi. Bí ó ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni omi ọmú ń rin bùláòsì mi níwájú rẹ̀. Mo jẹ́wọ́.

Kò bínú. Ó ṣàlàyé pé prolactin yìí ni ó ń pèsè omi ọmú, òun kan náà ni kì í sì í jẹ́ kí ọpọlọ rán iṣẹ́ tó yẹ sí ibi tí ẹyin obìnrin ti ń gbó. Bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú léraléra tó, pàápàá lóru, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ga tó. Ìdí nìyẹn tí n kò fi tíì rí nǹkan oṣù láti ìgbà tí mo ti bímọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin mìíràn ń rí tiwọn kí ọmọ tó lè jókòó. A fẹnu kò pé kí n dá ọmú òru dúró ná. Ọkọ mi ni ó ń gbé ọmọ rìn kiri láàrin òru. Mo fi ìrọ̀rí bo etí, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ kò yé wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan oṣù dé.

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú pátápátá, ẹ fi sùúrù béèrè pé nítorí oògùn wo gan-an. Ìbéèrè yìí ni ó gbà mí. Dókítà yọ letrozole, oògùn oníhóró kan tó ń ran ẹyin lọ́wọ́ láti gbó, kúrò nínú tèmi, nítorí pé ó lè bá omi ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ, kì í sì í tètè kúrò lára. Abẹ́rẹ́ FSH, họ́mónù tó ń mú kí ẹyin dàgbà, kò da dókítà láàmú tó bẹ́ẹ̀: èròjà rẹ̀ tóbi ju ohun tó lè tètè wọ inú omi ọmú lọ, èyí tó bá sì wọ̀ ọ́, ikùn ọmọ yóò dà á bí oúnjẹ. Cabergoline ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí àwọn dókítà kan máa ń lò ó kí ibùdó ẹyin má baà wú jù, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ omi ọmú.

Ikùn mi kún fún ojú abẹ́rẹ́ tó ti dúdú, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ mi sì máa ń fi ẹsẹ̀ tì bí ó bá ń mu ọmú, nítorí náà mo kọ́ bí a ṣe ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fún un lọ́mú. Ní ọjọ́ tí wọ́n kó ẹyin, mo ti fún omi ọmú sínú ìgò sílẹ̀; àṣé n kò nílò rẹ̀, nítorí ẹni tó fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun sọ pé bí ojú mi bá ti là dáadáa, kí n gbé ọmọ mi sáyà.

Oyún náà dúró. Orí ọmú wá ń ta mí bí ìgbà tí iná bá jóni, mo sì ń ka ení, èjì, títí dé ogún, kí n tó rọra já a kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí oyún wọ oṣù kẹrin, omi ọmú fà sẹ́yìn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó fa ọ̀kan, ó fa ìkejì, ó wò mí lójú, ó ní, "Ó ti tán." Ó fa bùláòsì mi sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ní kí n bu omi fún òun.