Lálaalẹ́ ni iye wọn pé

Àgùntàn 12 ló wà nínú agbo náà. Nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti ìdí ẹ̀rọ gàrí dé, a ó kà wọ́n wọlé, a ó sì ti ọgbà. Alẹ́ ọjọ́ tí àìsàn wọ àárín wọn, iye wọn pé. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ó pé. Ọjọ́ kẹta, ó pé. Márùn-ún ló kù báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, tí ẹ tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sáàmù 23 lọ́jọ́ Ìsinmi bíi tèmi, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Àgbò kan tí a rà ló kó àìsàn náà wá. Lẹ́yìn Iléyà, owó àgbò tó ṣẹ́kù lọ́jà máa ń wálẹ̀, nítorí oníṣòwò kò fẹ́ máa bọ́ ọ mọ́. Ẹran tó ti Òkè Ọya wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù, tó ti bá ogunlọ́gọ̀ ẹran dúró pọ̀ lójú kan, tí kò jẹun kánú, ara rẹ̀ ti rọ̀ fún àìsàn. Kata ni gbogbo wa ń pe èyí. Èémí ló fi ń ràn, àti ikun imú, itọ́ àti ìgbẹ́. Bí ẹran méjì bá ti ń ki orí bọ abọ́ omi kan, ó ti parí. Àgbò yẹn fúnra rẹ̀ kò kú o. Àgùntàn kúkurú tiwa ló kú.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹran bá kó o ni ara rẹ̀ á gbóná lójijì. Ara àgùntàn tó dá ṣáṣá máa ń wà ní nǹkan bíi 39 lórí tẹmómítà. Èyí á gòkè kọjá 40, nígbà mìíràn kọjá 41. Kò tíì sí ohun tí ojú rí lásìkò yẹn. Ewúrẹ́ tí nǹkan bá ń ṣe á ké dé ìgboro, àgùntàn á kàn tẹrí ba, á máa tẹ̀lé ìdí èyí tó wà níwájú. Lẹ́yìn náà, omi lójú, omi nímú. Omi yẹn á ki, á di ikun, á gbẹ, á dí ihò imú, ẹran á wá máa fi ẹnu mí. Ẹ ya ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí èrìgì tó ti bó, tí nǹkan funfun bo ojú rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó sùn. Òórùn rẹ̀ á lé yín sẹ́yìn. Ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e, ẹ̀dọ̀fóró á wú, aboyún á ṣẹ́yún, ikú á sì dé láàárín ọjọ́ 5 sí 10.

Àárọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò kúrò lójú mi. Oyún àgùntàn kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 150 lọ. Abo kan wà tí tirẹ̀ ti wọ oṣù kẹrin. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìró abọ́, gbogbo wọn rọ́ wá, òun náà wá. Kò pẹ́ jù wọ́n lọ. Ó ki ẹnu bọ èèpo ẹ̀gẹ́, ó mú ẹyọ kan, ó sì gbé orí sókè. Èèpo yẹn wà lẹ́nu rẹ̀, kò jẹ ẹ́, kò tu ú. Ó dúró bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ń jẹun, eṣinṣin méjì wà ní ihò imú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kà wọ́n lójú ọ̀nà ọgbà á kà á mọ́ wọn. Ó kúkú wá síbi oúnjẹ. Lọ́jọ́ kejì oyún wálẹ̀, lọ́jọ́ kẹta òun náà lọ. Àárọ̀ ọjọ́ tó gbé èèpo sẹ́nu yẹn gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ẹnu àwọn yòókù wò. Mẹ́rin ni èrìgì wọn ti bó.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ bí ẹ kò bá mú òmíràn: kíkà kì í ṣe mímọ̀. Jòhánù 10:14 sọ pé Olùṣọ́-àgùntàn rere mọ àwọn tirẹ̀. A fẹ́ràn Lúùkù 15, ọgọ́rùn-ún tó di 99, a sì ń wàásù rẹ̀ bí ẹni pé ìṣirò ni gbogbo iṣẹ́ olùṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ìsíkíẹ́lì 34:4, níbi tí Ọlọ́run ti ń bá àwọn olùṣọ́ burúkú ṣẹjọ́. Ohun márùn-ún ni wọn kò ṣe: wọn kò mú aláìlera lára le, wọn kò wo aláìsàn sàn, wọn kò di èyí tó ṣẹ́, wọn kò mú èyí tí wọ́n lé lọ padà, wọn kò wá èyí tó sọnù. Méjì tó gbẹ̀yìn nìkan ni kíkà lè fi hàn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà nílé. Iye wọn pé.

Ìdí tí èyí kò fi yé wa ní Ìjẹ̀bú ni pé ẹran wa mọ ilé. Ewúrẹ́ jẹ, ó relé; àgùntàn jẹ, ó relé; à-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. A ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, wọ́n gba ìdí ẹ̀rọ gàrí lọ, wọ́n padà nírọ̀lẹ́. (Èèpo tútù tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ ní májèlé nínú, ó yẹ kí ó gba oòrùn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Ẹni tí ẹran rẹ̀ ń dá wálé kì í ṣe olùṣọ́, ẹlẹ́ran lásán ni. Aginjù Jùdíà, nílẹ̀ Bíbélì, kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta ni, òjò kò pọ̀, ẹran tí kò bá ní ẹni tó ń ṣáájú rẹ̀ kò ní rí koríko, kò ní rí omi. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a pè ní olùṣọ́ nínú Sáàmù 23 yẹn, ẹni tó ń fi ẹran jẹko ló túmọ̀ sí. Darandaran gan-an ni! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró nínú ìjọ lónìí kí ó ní Olúwa ni darandaran òun? "Ṣọ́" tí Bíbélì wa lò dára, bí a bá rántí pé ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan kì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Jákọ́bù tó sọ nínú Jẹ́nẹ́sísì 48:15 pé Ọlọ́run ni olùṣọ́ òun láti ọjọ́ ayé òun, ogún ọdún ló fi da ẹran Lábánì. Oòrùn pa á lọ́sàn-án, òtútù mú un lóru, èyí tí ẹranko bá sì fà ya, òun ló ń san án. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àdúrà ni kò tó. A gbàdúrà. Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo ti gbọ́, ẹ má tún un sọ. Ìgò kan máa ń tó ọ̀pọ̀ ẹran, tí wọ́n bá sì ti pò ó, wákàtí díẹ̀ ló ní lórí yìnyín. Ẹni tó ní ẹran 12 péré kì í rí ẹni tó máa ṣí i fún un. Ẹ kó ara yín jọ ní àdúgbò, kí iye ẹran yín tó ìgò kan, kí ẹ tó pe dókítà ẹran. Ìwọ̀n mìlílítà kan lábẹ́ awọ, ọdún mẹ́ta ló ń ṣe. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí ní Nàìjíríà níbí ní 1975 ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń lò ó, àwa la ò gbà á.

Ní ti wíwò, ẹ ṣe ẹnu ọ̀nà ọgbà kí ó fún, bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí ẹyọ kan máa kọjá lẹ́ẹ̀kan. Léfítíkù 27:32 mọ̀ nípa ẹran tó ń kọjá lábẹ́ ọ̀pá níkọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti ń kọjá, ọwọ́ yín á kàn án. Ẹ wo ojú, ẹ wo imú. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀: pupa ló dára, bí ó bá funfun, aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa abẹ́ àgbọ̀n, bóyá ó wú. Ẹ wo abẹ́ ìrù. Nírọ̀lẹ́, ẹ jókòó tì wọ́n títí wọn ó fi dùbúlẹ̀. Èyí tí kò bá jẹ àpọ̀jẹ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ́, òun ni kí ẹ mú. Mo tún ń sọ ọ́: ẹ má kà wọ́n kí ẹ sì lọ sùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, a máa ń kéde iye ọkùnrin, iye obìnrin àti iye ọmọdé tó wá. Mi ò bá Olùṣọ́ kankan wí.

Àwọn márùn-ún tó kù gba abẹ́rẹ́ tó ń lé àkóràn ẹ̀dọ̀fóró, nítorí kò sí oògùn tó ń pa kata fúnra rẹ̀. A ń fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, a ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ imú wọn. Ara wọn yá. Èyí tó bá là á já, kata kì í sábà mú un mọ́.

Àgbò mìíràn wà lábẹ́ igi ọsàn báyìí, ó dá wà, abọ́ tirẹ̀ ọ̀tọ̀, òun la máa ń bọ́ gbẹ̀yìn kí a tó fọwọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ nìyí nínú ọjọ́ 21 tó máa fi dá wà. Láàárọ̀ yìí, imú rẹ̀ mọ́. Ó jẹ àpọ̀jẹ.