Ọba Inú Apẹ̀rẹ̀

Ẹ má bi mí bí mo ṣe di olùyẹ̀wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ti ní "Ta ló gbọ́ Gíríìkì níbí?", ọwọ́ mi á ti wà lókè kí n tó ronú. Álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì ni mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa o, láti álífà títí dé ibi tó ti ń rú mi lójú. Òun náà ni mo fi di ọ̀mọ̀wé ní Kétu, nílẹ̀ Benin.

Ọmọkùnrin kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ ló kọ àpilẹ̀kọ náà lédè Faransé fún ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ àwọn Bíbélì àfọwọ́kọ lédè Gíríìkì ni. Wọ́n ní kí àgbàlagbà kan yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, mo ní àgbàlagbà rèé. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi, torí ọ̀mọ̀wé kì í fi fóònù yẹ iṣẹ́ wò, bíírò pupa ló ń lò. Ọmọ tó bá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kò fi nọ́ńbà sí ojú ewé kankan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èmi ò fi sọ́kàn.

Ojú ewé kìíní àti ìkejì lọ geere. Mo ń mi orí, mo ń fa ìlà pupa sábẹ́ ohun tí kò nílò ìlà. Bí mo ṣe mú ìkẹta lọ́wọ́ báyìí ni iná lọ. Ooru oṣù Ẹrẹ́nà ní Kétu, kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ṣẹ́ bébà ọwọ́ mi po, mo fi ń fẹ́ ara mi, oorun sì gbé mi lọ. Nígbà tí iná dé, mo fò dìde, mo gbá àwọn bébà orí tábìlì jọ, mo tún kọjú sí iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọba.

Bí ojú ewé ìkejì ṣe parí nìyí: ní 1844, Constantin von Tischendorf, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dé ilé àwọn mọ́ńkì Saint Catherine ní Òkè Sínáì. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé apẹ̀rẹ̀ ńlá kan wà níbẹ̀, àti pé nínú apẹ̀rẹ̀ yìí ni òun ti rí... Mo ṣí èyí tó tẹ̀ lé e: "ọba Charles Kìíní ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1627."

Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ọba ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá lọ́pọlọ á béèrè bóyá nǹkan sọnù láàárín. Tèmi, inú mi dùn ni. Ṣé ẹ mọ adùn tó wà níbẹ̀ kí olùkọ́ rí irú àṣìṣe báyìí? Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ́ Charles Kìíní lórí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1649, nítorí náà kò sí bí Tischendorf ṣe máa bá a nínú apẹ̀rẹ̀ ní Íjíbítì ní 1844. Mo bi í bí apẹ̀rẹ̀ náà ṣe tóbi tó. Mo bi í ìdí tí àwọn mọ́ńkì ò fi fún ọba lága. Mo fi àṣà ilé gbè é lẹ́sẹ̀: nílẹ̀ Káàárọ̀-oò-jíire, ọba a máa wàjà, ọba a sì máa ṣí igbá wò, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Kétu dó, a ò gbọ́ ọba tó wọ apẹ̀rẹ̀ rí. Mo wá gbà á nímọ̀ràn pé bóyá àwòrán ọba ló fẹ́ wí.

Àwòrán ọba! Kò sí àwòrán kankan nínú àpilẹ̀kọ náà. Èmi ni mo yà á.

N ò sì tíì dúró. Níwájú, ọmọ náà sọ̀rọ̀ akọ̀wé kan ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní minuscule 109. Nínú ìwé tó ń wò kọ, ìran Jésù inú Lúùkù orí kẹta wà ní òpó méjì, ìlà 28 ní òpó kọ̀ọ̀kan. Dípò kó ka òpó kan tán kó tó bọ́ sí èkejì, ńṣe ló ń là wọ́n kọjá. Bàbá gbogbo èèyàn bá yí padà: Ọlọ́run fúnra rẹ̀ di ọmọ Árámù, Fáresì ló wá di orísun ọmọ aráyé. Mo rẹ́rìn-ín akọ̀wé yìí títí ìyàwó mi fi béèrè láti yàrá pé ṣé ara mi yá. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà pé: "Ohun tí í ṣe ẹni tí kì í fara balẹ̀ wo ojú ewé nìyí."

Codex Vaticanus ló wá bà mí jẹ́ tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hébérù 1:3 nínú Bíbélì àfọwọ́kọ ọ̀rúndún kẹrin yìí, ẹnì kan tínú ń bí sí ẹni tó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kọ èébú sétí ìwé: òpònú, ènìyànkénìyàn, fi ti àtijọ́ sílẹ̀, má yí i padà! Ó dùn mọ́ mi débi pé òun ni mo fi parí àyẹ̀wò mi, kí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ lè mọ ojú tí àwọn àgbà fi ń wo iṣẹ́ wúruwùru. Mo fi ránṣẹ́ lóru, mo sùn bí ọlọ́jà tó tajà tán.

Èsì ti dé kílẹ̀ tó mọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ti wá ọba náà káàkiri, n ò rí i. Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá ibo ló wà?" Ìtẹríba yẹn ló bí mi nínú jù. Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹun ná kí n tó fún un lésì tó tọ́ sí i.

Ó yẹ kí n sọ pé ilé wa ni Ìyá Alákàrà ti ń rí bébà. Ìwé ìdánwò tí mo bá ti máàkì tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó mi ń kó wọn lọ, tó fi jẹ́ pé inú àkàrà ni ọ̀pọ̀ òbí àdúgbò wa ti ń mọ máàkì ọmọ wọn. Bàbá kan ti gbé bébà olóròóró tẹ̀ lé mi dé ilé ẹ̀kọ́ rí, ó ní 7 nínú 20 kò tọ́ sí ọmọ òun.

Ìyàwó mi sì ti gbálẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà, títí dé abẹ́ àga mi. Mo tú àkàrà mi, mo rí orúkọ Tischendorf lábẹ́ ata. Mo ń kà á lórí ìdúró, ẹnu mi kún. Ojú ewé awọ tí wọ́n kọ Gíríìkì sí ni ọkùnrin náà rí nínú apẹ̀rẹ̀, 43 nínú wọn ló gbé lọ sí Leipzig. Awọ! Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òróró ti mu bébà jù: "Cyril Lucaris, pátíríákì (olórí ìjọ) Constantinople, fi Codex Alexandrinus, Bíbélì àfọwọ́kọ lédè Gíríìkì, ránṣẹ́ sí". Ó tán síbẹ̀. Mo mọ ẹni tó kàn.

"Bàbá Bọ́lá, ṣé iyọ̀ ti pọ̀ jù ni?" Ìyá Alákàrà bi mí.

Nígbà tí Erasmus, ọ̀mọ̀wé ará Holland, ń tẹ Májẹ̀mú Titun lédè Gíríìkì jáde ní 1516, ìwé Ìfihàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ojú ewé ìkẹyìn. Ó mú ti Látìnì, ó tú àwọn ẹsẹ tó kù padà sí Gíríìkì fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣì ń bá a wí títí dòní. Àmọ́ Erasmus mọ̀ pé ojú ewé sọnù o! Kò gbé ọba kankan wọ inú Ìfihàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín mi tán. Mo padà sókè, mo ka àárín bébà àkàrà yẹn. Ní 1859, Tischendorf tún padà lọ, ó yá èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí àwọn awọ yẹn ti wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Codex Sinaiticus, ó tọwọ́ bọ̀wé pé òun á dá a padà. Ọwọ́ ọba Rọ́ṣíà ló bá a lọ. Ní 1933, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní pọ́n-ùn 100,000. Mo ní, háà, mo mọ ọkùnrin yìí! Ilé kẹta sí tiwa ló ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n kan ló yá jẹnẹrétọ̀ mi nígbà ìsìnkú ìyá rẹ̀. Wọ́n sìnkú tán, wọ́n jẹ ìrẹsì tán, jẹnẹrétọ̀ ò wálé. Ó ti fi ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣájì fóònù. Bí iná bá lọ, èmi náà a máa lọ síbẹ̀, màá sanwó, jẹnẹrétọ̀ mi á ṣájì fóònù mi. Ká ní ó wà nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, fáànù ì bá ṣiṣẹ́, kí ni n bá fi ojú ewé kẹta fẹ́ ara mi sí? Ẹ̀gbọ́n yìí ló gbé ọba Charles sínú apẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́.

Mo ní láti tètè bẹ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kó tó fi àyẹ̀wò mi han ẹlòmíràn. Àmọ́ iná ti tún lọ, fóònù mi sì ti kú. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Káàárọ̀, àbúrò. Àádọ́jọ sẹ́fà ni báyìí o, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún mọ́. Epo kpayo ti gbówó lórí." Ó fi ẹsẹ̀ ti jẹnẹrétọ̀ mi. "Nǹkan yìí sì ń mu epo jù. N ò tiẹ̀ rántí ẹni tó tà á fún mi."