Bí mo ṣe ń jẹ adìẹ díndín àti bọ́gà láì da ìṣirò kálórì mi rú

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé orí ìjókòó la ti ń lo ọjọ́ wa, àti pé tí iṣẹ́ alẹ́ bá parí, adìẹ díndín ni oúnjẹ tó máa ń kọ́kọ́ pàdé wa lọ́nà ilé. Láti Peckham dé Old Kent Road títí lọ dé Lewisham, àwọn ṣọ́ọ̀bù adìẹ kò jìnnà síra wọn. Òórùn rẹ̀ á ti kí ọ kí o tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọmọ wa tí a bí síbí sì fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ.

NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, máa ń pe àwọn tó wà láàárín ọdún 40 sí 74, tí wọn kò tíì ní àrùn ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ, fún àyẹ̀wò ara lẹ́ẹ̀kan ní ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti wọ ibi ewu. Wọ́n ní tí HbA1c ènìyàn, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bá wà láàárín 42 sí 47, ó ti ń lọ sọ́dọ̀ àtọ̀gbẹ nìyẹn. Tó bá di 48, ó ti dé ibẹ̀. Ó tún là á yé mi pé fún àwa aláwọ̀ dúdú, BMI (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo bí ènìyàn ṣe wúwo sí gíga rẹ̀) 27.5 ni wọ́n ti ń ka ènìyàn kún ẹni tó sanra jù, bẹ́ẹ̀ 30 ni ti àwọn òyìnbó. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú yìí, tí lẹ́tà àyẹ̀wò yìí bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka kálórì. Ohun tí àwọn ará gáréèjì máa ń bi mí ni pé, “Ṣé ẹ ò wá jẹ adìẹ mọ́ nìyẹn?” Mò ń jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Síbẹ̀, ara mi ti fúyẹ́, bẹ́líìtì mi ti wọnú sí i, ṣúgà náà sì ti padà sẹ́yìn. Ọ̀nà tí mo gbà ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fi òfin “n kò ní fẹnu kàn án mọ́ láéláé” bẹ̀rẹ̀, tí òfin náà kò sì pẹ́ lọ́rùn wọn.

NHS ní ọkùnrin nílò bí 2,500 kálórì lójúmọ́, obìnrin 2,000. Ẹni tó bá fẹ́ dín ara kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kó yọ nǹkan bí 600 kúrò níbẹ̀: 1,900 fún ọkùnrin, 1,400 fún obìnrin. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣírò. Èmi, ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń ṣe é. 1,900 lọ́nà méje jẹ́ 13,300, mo sì máa ń ná an bí ẹni ń ná owó ọ̀sẹ̀. Ká ní ọjọ́ Ẹtì ni èmi àti àwọn ọmọ fẹ́ jẹun níta, tí mo mọ̀ pé oúnjẹ mi lọ́jọ́ náà lè di 2,400, mo ti máa yọ 100 nínú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti Àìkú dé Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ márùn-ún nìyẹn, 500 lápapọ̀. Èèyàn kì í mọ 100 lára. Bíbẹ́ búrẹ́dì kan péré ni, tàbí epo tí kò kún ṣíbí ìjẹun ńlá kan. Tí ọjọ́ Ẹtì bá wá dé, tí mo jẹun tán, n kì í kábàámọ̀, nítorí mo ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí n kì í ṣe ni kí n fi ebi pa ara mi láti àárọ̀ torí pé mo fẹ́ jẹun lálẹ́. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ebi ló máa bá a wọ ṣọ́ọ̀bù, ebi náà ló sì máa bá a pàṣẹ oúnjẹ. Ẹ̀wà ni mo máa ń jẹ lọ́sàn-án irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà sísè tí kò lépo púpọ̀, tàbí ẹyin méjì pẹ̀lú tòmátì àti ewébẹ̀. Ẹyin kan kò kọjá bí 80 kálórì. Ẹ̀wà ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ikùn. Nígbà tí mo bá fi máa dé iwájú kàńtà, ọkàn mi á ti balẹ̀, màá lè sọ pé èyí ni mo fẹ́, tọ̀hún ni n kò fẹ́.

Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni òfin ti de àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá ní England, àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn tó 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé kí wọ́n máa kọ iye kálórì sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan: lára pátákó, lórí ìwé oúnjẹ, àti lórí fóònù tí a fi ń pàṣẹ. Àǹfààní ńlá ni òfin yìí jẹ́ fún mi, torí pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn nọ́ńbà yẹn ni mo tó rí i pé bọ́gà kọ́ ló ṣòro jù láti kà. Ọbẹ̀ ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni àwa Yorùbá ti nílò ìrànlọ́wọ́ jù. Gíráàmù kan ọ̀rá ní kálórì 9; gíráàmù kan sítáṣì tàbí purotéènì ní 4. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó kún fún epo pupa tàbí òróró, nǹkan bí 120 kálórì ló wà nínú rẹ̀. Ta ló ń fi ṣíbí wọn epo sínú ẹ̀fọ́ rírò? Ojú la fi ń wọ̀n ọ́n, ọwọ́ la fi ń dà á, epo sì gbọ́dọ̀ léfòó ká tó gbà pé ọbẹ̀ jinná. Ẹ wá wo ẹ̀bà: 100 gíráàmù gaàrí gbígbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350 kálórì. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé lè jẹ ìlọ́po méjì ìyẹn láì ronú nípa rẹ̀, 700 nìyẹn kí ọbẹ̀ àti ẹran tó dé. Big Mac kan, bọ́gà ilé McDonald's, wà ní nǹkan bí 500 níbí.

N kò sọ pé bọ́gà dára fún ara ju ẹ̀fọ́ rírò lọ o. Ewébẹ̀, ẹja, irú àti ata tó wà nínú oúnjẹ wa, bọ́gà kò ní wọn, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá sá fún bọ́gà kan ṣoṣo lọ́jọ́ Ẹtì, tí kò sì mọ iye epo tó ń jẹ láti Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ibi tí kò sí ìṣòro ló ń ṣọ́. Èmi àti ìyàwó mi wá jọ pinnu pé ṣíbí la ó máa fi wọn epo, kò ní ti inú kẹ́ẹ̀gì wọ ìkòkò tààrà mọ́. A dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ata rodo, irú àti edé jẹ́ kí ọbẹ̀ náà ṣì dùn, àwọn ọmọ kò tilẹ̀ bèèrè ohun tó yí padà. Inú ìkòkò yẹn ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù lára àwọn kálórì tí mò ń jẹ níta.

Tí mo bá wá dé ilé bọ́gà, ohun tí mo máa ń wò jù ni àwọn nǹkan tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á bi ọ́ bóyá o fẹ́ kí wọ́n fi chips àti ohun mímu kún un, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì ti dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” kí ìbéèrè tó parí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Big Mac, bí 500. Chips ńlá, bí 445. Ike Coke onípupa ti 500 mílílítà, 210. Ó ti lé ní 1,150, ó ju ìdajì oúnjẹ òòjọ́ mi lọ dáadáa. Bọ́gà kan náà pẹ̀lú chips kékeré tó jẹ́ bí 240 àti omi tàbí Coke Zero tí kò ní ṣúgà, 740 ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lé ní 400, mo sì jẹ bọ́gà tó wù mí délẹ̀ nígbà méjèèjì. Wọ́n máa ń yí oúnjẹ wọn padà, nítorí náà, ẹ wo pátákó fúnra yín lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ.

Ohun mímu ló rọ̀ mí lọ́rùn jù láti jáwọ́ nínú rẹ̀, òun ló sì yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ wò. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni ìjọba Britain ti ń gba owó orí lórí ohun mímu tí ṣúgà rẹ̀ bá tó gíráàmù 5 nínú 100 mílílítà, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi dín ṣúgà wọn kù. Coke onípupa kò yí padà: agolo kan ti 330 mílílítà ní gíráàmù 35 ṣúgà, kálórì 139. Kì í yó ènìyàn. O mu ún tán, ebi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọbẹ̀ funfun tí wọ́n ń fún sórí oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan mayonnaise tó bí 100 kálórì, ẹni tó ń fún un kì í sì í fún ṣíbí kan. Mo máa ń sọ pé kí wọ́n má fi sí i, kí wọ́n fún mi ní ata. Ẹnu wa mọ ata, ata kì í sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìṣirò.

Ṣọ́ọ̀bù adìẹ àdúgbò ló le. Òṣìṣẹ́ wọn kò tó 250, òfin kò dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí nọ́ńbà kankan lára pátákó. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń wá ẹran tó jọ ọ́ ní ilé adìẹ ńlá tó ń kọ nọ́ńbà, màá mú nọ́ńbà yẹn, màá sì fi díẹ̀ lé e. Àpótí apá adìẹ pẹ̀lú chips, 1,000 ni mo máa ń kọ sílẹ̀ fún un. Ó ṣeé ṣe kó má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n kà á jù ju kí n kà á dín lọ. Awọ àti ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bò ó ló ń mu òróró, apá adìẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju awọ àti egungun lọ. Tí ó bá jẹ́ adìẹ yíyan ni wọ́n ń tà, òun ni mo máa ń rà. Tí díndín bá wù mí lóòótọ́, drumstick méjì láìsí chips ni, màá sì jẹ ẹ́ nílé, nínú àwo, pẹ̀lú kábéèjì àti kùkúńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jíjókòó jẹ ẹ́ ṣe pàtàkì. Èyí tí a bá ń jẹ lórí ìrìn, ọwọ́ á ti kan ìdí àpótí kí ikùn tó gbọ́.

Ohun kan wà tó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lẹ́nu rẹ̀: òṣùwọ̀n ọjọ́ kejì. O jẹ bọ́gà lálẹ́, o gorí òṣùwọ̀n láàárọ̀, o rí i pé o ti wúwo sí i ní kílò kan, ọkàn rẹ sì rẹ̀wẹ̀sì. Omi ni. Iyọ̀ inú oúnjẹ yẹn ló di omi mú sí ọ lára, yóò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọ̀rá kílò kan tó lé sí ènìyàn lára, ó máa ti jẹ kálórì tó lé ní 7,000 kọjá ohun tí ara rẹ̀ ń lò. Bọ́gà kan kò lè ṣe ìyẹn. Tí mo bá jẹun níta lọ́jọ́ Ẹtì, ó di Ọjọ́rú kí n tó wọn ara mi.

Ti òde àríyá náà nìyí, nítorí wọ́n máa ń bi mí. Ọ̀sẹ̀ tí òde bá wà ní Sátidé, òde náà ni oúnjẹ ìta mi. Jọ́lọ́ọ̀fù, móínmóín, ẹran díndín àti ẹmu kò yàtọ̀ sí bọ́gà lójú ìṣirò, n kì í sì í ṣe méjèèjì pọ̀ lọ́sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gún insulin tàbí tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó lè fa ṣúgà wálẹ̀, ẹ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dín oúnjẹ kù, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti dín oògùn kù pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì wà nínú ilé yín tí nọ́ńbà wọ̀nyí ń dà lọ́kàn rú, tó ń bẹ̀rù oúnjẹ tàbí tó ń jẹun tán tó ń lọ bì í, ìṣirò yìí kì í ṣe fún un. Òfin gbà pé kí ilé oúnjẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìwé oúnjẹ tí kò ní kálórì bí ó bá béèrè. Ẹ bá a béèrè rẹ̀ kí ó tó jókòó.