Ire Tó Ń Lé Mi

Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́. Ọ̀fà.

Màámi ló dá Sáàmù 23 níbi àdúrà ilé lónìí. Kò sẹ́ni tó ṣí Bíbélì; àkọ́sórí ni látìgbà tí a ti wà ní kékeré. A dé ẹsẹ 6, "Nítòótọ́, ire àti àánú ni yóò máa tọ̀ mí lẹ́yìn ní ọjọ́ ayé mi gbogbo", ohun tí mo kà lóru àná bá sọ sí mi lọ́kàn. N kò lè bá wọn kà á parí.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni radaf. Gbogbo bí mo ṣe ń ka "tọ̀ mí lẹ́yìn", bí ọmọ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ lọ sọ́jà Ọwọ́dé ni mo máa ń rí lójú inú. Radaf kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí a máa sáré lé nǹkan kí ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́ ni. Òun ló wà ní Ẹ́kísódù 14, nígbà tí Fáráò lépa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dé etí òkun. Òun náà ni Dáfídì lò ní Sáàmù 7 fún àwọn tí Bíbélì wa ní wọ́n "ń ṣe inúnibíni" sí i. Tó bá wá kan ire, a ní ó "ń tọ̀ mí lẹ́yìn".

N kò bá àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ wíjọ́. Àjàyí Crowther tó ṣíwájú iṣẹ́ náà, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó Òṣoògùn lẹ́rú ní 1821. Létí ẹni tí akónilẹ́rú ti lé rí, báwo ni "lé" ṣe fẹ́ dùn?

Àánú ibẹ̀ náà, chesed ni. Kì í ṣe irú àánú tí a ń ṣe alágbe tí a fi ń kọjá lọ. Ìfẹ́ ẹni tó ti bá ọ dá májẹ̀mú ni, tí kò ní yẹ̀ ẹ́. Òun ni Náómì fi yin àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀, òun ló sì parí gbogbo ẹsẹ 26 tó wà nínú Sáàmù 136. Irú rẹ̀ ló ń lé mi bọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Màámi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò nínú atẹ.

"Ṣé a ò ti máa lé e padà báyìí? Gbogbo ìgbà la ń pariwo pé, 'Ohun tó ń lé mi, padà lẹ́yìn mi.'"

N kò rí èsì fọ̀. Èmi náà ti gba àdúrà yẹn títí ohùn mi fi há, pàápàá lọ́dún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn ni. Wọ́n ń dá gbàdúrà lórí ibùsùn: "Olúwa, ire tí Ẹ ní kó máa lé mi, kó bá mi. Orúnkún ń dùn mí, n kò sá mọ́."

Mo rọra fa ilẹ̀kùn náà dé.